Ohun Tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Rí

Ìwé Númérì, orí 22, ló sọ ìtàn Báláámù, wòlíì tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí owó ti ń pè é. Lójú ọ̀nà, ẹranko náà ṣàdédé yà wọ inú oko, Báláámù nà án. Wọ́n dé ọ̀nà tóóró láàárín ọgbà àjàrà, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ há ògiri, Báláámù tún nà án. Nígbà kẹta, ó kúkú dùbúlẹ̀ tòun ti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá tún bà á. Áńgẹ́lì Olúwa ló dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí i. Wòlíì, tó jẹ́ pé nítorí agbára tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti súre àti láti ṣépè ni ọba Móábù ṣe ránṣẹ́ pè é, kò rí nǹkan kan.

Bí a bá kan ẹ̀kọ́ yìí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti àwọn àgbà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti sọ̀rọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ dúró sí. Ṣé ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́? Èdè wo ló sọ? Èmi kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́run tó dá ẹnu lè la ẹnu. Ibi tó máa ń dá mi dúró ni ìgbà tí ojú Báláámù là. Ohun àkọ́kọ́ tí áńgẹ́lì bi í ni ìdí tó fi na ẹranko rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Báláámù dáhùn pé òun ti ṣẹ̀, nítorí òun kò mọ̀ pé áńgẹ́lì wà lọ́nà. Kò sọ pé òun kò jẹ̀bi níwọ̀n ìgbà tí òun kò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Báwo ni ohun tí ènìyàn kò rí, tí kò sì ní ojú tó lè fi rí i, ṣe lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn?

Físíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wáyà iná ló gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú ju ìwàásù èyíkéyìí lọ.

Ohun kan yí wa ká tí a kò ní ojú fún. Irin tó ti yọ́, tó ń ṣàn kiri nínú ikùn ilẹ̀, sọ gbogbo ayé di mágnẹ́ẹ̀tì. Microtesla ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Ó tó nǹkan bí 25 níbi tó ti kéré jù lọ lágbàáyé, ó sì ń lọ sí 65 níbi tó ti pọ̀ jù. Nítòsí wa níbí, nǹkan bí 33 ni. Bí ó ṣe dùbúlẹ̀ ní ilẹ̀ wa tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ní Jámánì, abẹ́rẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì tí a bá so kọ́ tí kò sí ohun tó dì í mú yóò dorí kọ ilẹ̀ gan-an. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, torí pé ìlà ìdajì ayé ti mágnẹ́ẹ̀tì gba òkè ọya kọjá, kò jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1950, ọmọ Nàìjíríà kan, Cyril Agodi Onwumechili, ṣe ìwádìí lórí nǹkan wọ̀nyí ní Ìbàdàn. Ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ìdí iná tó máa ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lọ́sàn-án, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lókè orí wa, lẹ́bàá ìlà náà. Ní Ìlọrin, nítòsí wa yìí, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ wà ní yunifásítì. Kí ẹnikẹ́ni tó ri òpó iná mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú ọ̀run wa ti ní iná tirẹ̀.

Àwọn ẹranko ń ka nǹkan yìí. Ní àwọn ọdún 1960, ní Frankfurt, Wolfgang Wiltschko fi hàn pé ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní robin, bí wọ́n tilẹ̀ tì í mọ́ inú yàrá tí kò ti rí oòrùn tàbí ìràwọ̀, ṣì máa ń kọrí sí ìhà tó yẹ kó fò lọ nígbà ìrìn àjò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi wáyà wíwé yí ìhà mágnẹ́ẹ̀tì padà, òun náà á yí padà. Nígbà tó di 1972, ó tún hàn pé ẹyẹ náà kì í wo àríwá àti gúúsù bí kọ́ńpáàsì tiwa. Bí okùn mágnẹ́ẹ̀tì ṣe dagun sílẹ̀ ló ń wò. Ìṣòro sì dé nìyẹn: kí ni ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ yóò ṣe bó bá dé ilẹ̀ tiwa, níbi tí kò sí ìdagun kankan mọ́? Ìdílé Wiltschko dán èyí wò fún ẹyẹ mìíràn, garden warbler, tó máa ń wá lo ọ̀gbẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1992 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹyẹ náà sínú mágnẹ́ẹ̀tì tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ fún ìgbà díẹ̀, ó yí ìtumọ̀ ìdagun padà lórí ara rẹ̀, kó lè máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ sí gúúsù. Ẹyẹ tí ọwọ́ ọmọdé lè bò ṣe èyí. Àwọn alápáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá, tí àìmọye wọn ń sùn sí Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá lórí ìlà ìdajì ayé ti mágnẹ́ẹ̀tì yẹn náà kí wọ́n tó débẹ̀. Jeremáyà ti sọ ọ́ ní orí 8 ìwé rẹ̀ pé àwọn ẹyẹ mọ àkókò wọn, ó sì bá àwọn ènìyàn wí pé àwọn kò mọ ìdájọ́ Olúwa.

Ẹyẹlé ni tiwa. Kò sí ẹyẹ tí Yorùbá fọkàn tán tó o: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Aládùúgbò mi ní Masífà, Bàbá Alhaji, ti ń sin ẹyẹlé kí n tó kó dé àdúgbò náà. Ó máa ń sọ pé ibi yòówù tí wọ́n bá gbé ẹyẹlé òun lọ, ilé ni yóò padà sí. Mo sọ fún un nípa William Keeton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Ní 1971, ó jábọ̀ pé òun lẹ mágnẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ẹ̀yìn àwọn ẹyẹlé kan, òun sì lẹ idẹ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn yòókù, òun wá kó gbogbo wọn lọ jìnnà sílé. Bí oòrùn bá ràn, oòrùn ni wọ́n ń wò, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, àwọn onídẹ kọrí sílé, àwọn onímágnẹ́ẹ̀tì túká. Ní 1974, Charles Walcott àti Robert Green fi wáyà wíwé dé ẹyẹlé lórí pẹ̀lú bátìrì kékeré. Bí iná bá gba ọ̀nà kan nínú wáyà náà, ẹyẹlé á forí lé ilé lábẹ́ ìkùukùu. Bí ó bá gba ọ̀nà kejì, ọ̀pọ̀ wọn á kẹ̀yìn sílé, wọ́n á máa fò lọ. Bàbá Alhaji dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Ìyá Tíṣà, ṣé ẹyẹ náà mọ̀ pé òun ti ṣìnà ni?” Ìbéèrè yẹn ń bẹ lọ́kàn mi títí di òní. Ẹyẹlé tó kẹ̀yìn sílé yẹn kò ya aláìgbọràn, kò ya òmùgọ̀. Ó ń tẹ̀ lé òtítọ́ tó mọ̀, tọkàntọkàn. Ẹni tó ba òtítọ́ náà jẹ́ fún un, ènìyàn ni, ohun tí ènìyàn náà sì fi ṣe é, ojú kò rí i.

Ìlú ọdẹ ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó di Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ọdẹ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ tẹ̀dó síbí. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn òun lọ bá ẹran, nítorí ó mọ̀ pé imú ẹtu ń gbọ́ òórùn tí imú òun kò lè gbọ́. Kò sí ọdẹ tó ní imú ẹtu rí. Síbẹ̀, ní gbogbo òru ayé rẹ̀, imú tí kò ní yẹn ló ń bá ṣírò. Bí ajá rẹ̀ bá dúró, tí irun ọrùn rẹ̀ dìde, kò ní na ajá náà kó lè máa lọ. Òun náà á dúró. Àwọn baba wa kò kàwé físíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ayé ẹranko ní ilẹ̀kùn tí tiwa kò ní. Nítorí àtipa ẹran ni wọ́n ṣe kọ́ èyí. Àwa tí a ń sọ pé Ọlọ́run fi ẹ̀dá sí ìtọ́jú wa, kí ni a ti kọ́?

Ẹ jẹ́ kí n dé orí wáyà wàyí.

Mágnẹ́ẹ̀tì ilé-ayé dúró jẹ́ẹ́. Iná tí a ń lò kò dúró: níbikíbi tó bá ti ń ṣàn nínú wáyà, mágnẹ́ẹ̀tì yóò yí wáyà náà ká, èyí sì ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní Nàìjíríà, 60 ní Amẹ́ríkà. Bí àlejò bá dúró ní Tákíé, tó béèrè ọ̀nà, tí ẹni tó bi í ń nawọ́ sí Ìlọrin, tó ń nawọ́ sí Ọ̀yọ́, tó tún ń nawọ́ sí Ìlọrin lásìkò kan náà, kò sí ohun tí àlejò náà lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Bóyá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹranko tó ń ka mágnẹ́ẹ̀tì lábẹ́ wáyà háí tẹ́ńṣọ̀n nìyẹn. Mo ní “bóyá”, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ “bóyá” náà dáadáa, torí pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sọ ju ohun tó rí lọ ń ṣe àwọn ẹranko náà níkà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ màlúù. Ní 2008, Sabine Begall, Hynek Burda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àwòrán Google Earth wò: màlúù 8,510 ní pápá 308 káàkiri ayé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ lára wọn ló dúró gba ìlà àríwá àti gúúsù, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń jẹko tàbí wọ́n ń sinmi. Ní 2009, wọ́n ní ètò yìí fọ́ lábẹ́ wáyà háí tẹ́ńṣọ̀n, pé bí ẹran bá ṣe ń jìnnà sí wáyà ni ètò náà ń padà. Ìròyìn náà tàn káyé. Ṣùgbọ́n ní 2011, àwọn onímọ̀ mìíràn ní ilẹ̀ Czech wo àwòrán tiwọn, wọn kò rí ètò kankan níbẹ̀. Àwọn ti Burda fèsì pé ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n lò kò yẹ fún iṣẹ́ náà, àríyànjiyàn sì ń lọ. Bàbá Fúlàní tó ń da ẹran gba ẹ̀gbẹ́ oko àbúrò mi sọ fún mi pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni màlúù ń wò kó tó dúró. Èmi kò ní gbé ìwàásù lé màlúù lórí.

Ọ̀rọ̀ oyin wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi. Ní 2018, Sebastian Shepherd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde. Wọ́n fi oyin sínú mágnẹ́ẹ̀tì tó ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, bíi ti wáyà gẹ́lẹ́. Wọ́n lo 20 sí 100 microtesla, irú èyí tó lè wà nílẹ̀ lábẹ́ àwọn wáyà tó tóbi jù lọ. Wọ́n tún lo 1,000 sí 7,000, irú èyí tí oyin tó bá fò sún mọ́ wáyà pẹ́kípẹ́kí lè bá pàdé. Àwọn oyin náà kò tètè kọ́ òórùn tí wọ́n fi ń mọ oúnjẹ mọ́. Fífò wọn yí padà. Àwọn tó jáde lọ wá oúnjẹ tí wọ́n sì rí i dín kù. Èyí tó kéré jù nínú ohun tí wọ́n lò, 20, kò tó mágnẹ́ẹ̀tì ilé-ayé fúnra rẹ̀. Ní 2023, Marco Molina-Montenegro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chile jábọ̀ láti inú pápá gan-an: nítòsí àwọn òpó háí tẹ́ńṣọ̀n tí iná wà nínú wáyà wọn, oyin kì í bẹ òdòdó wò tó bí wọ́n ti ń ṣe nítòsí àwọn tí kò ní iná.

Ó yẹ kí èyí kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú máńgòrò àti kajú ni wá. Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ní orúkọ dé Èkó. Oyin wà lára kòkòrò tó ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó dé òdòdó fún àwọn igi wọ̀nyí. Wáyà 132 kV ló ń gbé iná wá sí ìlú wa. Ilẹ̀ abẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀, mítà 30 ní fífẹ̀ fún 132 kV, mítà 50 fún 330 kV, òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀. Nítorí náà, àwọn àgbẹ̀ ló ń lò ó: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, àti àpótí oyin. Àbúrò mi ọkùnrin ní oko kajú ní ọ̀nà Ìkòyí, ó sì to àpótí oyin rẹ̀ sábẹ́ wáyà nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè ta ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó wọn kúrò. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀rí dà? Ṣé ẹ ti rí i pé wáyà ń ṣe wọ́n ni?” Mo ní n kò rí i. Mo ní àwọn tó rí i wà ní Southampton àti Chile, àti pé wáyà tó wà lórí oko rẹ̀ lè máà tó ti wọn. Ó ní kíkó àpótí oyin kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré, òótọ́ sì ni. Bí o bá gbé àpótí sún sí ogójì mítà, àwọn tó ti jáde yóò padà síbi àtijọ́, wọ́n á rọ̀gbà ká ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Àfi kí o kó wọn lóru lọ sí oko mìíràn tó jìnnà, kí wọ́n gbàgbé, kí o tó dá wọn padà sí ààyè tuntun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo fún un ní ẹ̀rí. Ó ní òun ṣírò rẹ̀: bí mo bá ṣì í sọ, iṣẹ́ òru díẹ̀ ni òun pàdánù, bí òótọ́ bá wà níbẹ̀, gbogbo àkókò òdòdó kajú ni oyin òun ti ń jìyà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, gbé apá kejì ọ̀rọ̀ yìí wá sí kíláàsì wa ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní, “Mà, ó dà bí ẹni pé mágnẹ́ẹ̀tì yìí ló ń ṣe àwa náà tí a fi ń sọ pé a rí Ọlọ́run.” Ó ti kà nípa Michael Persinger, onímọ̀ ìrònú ní Yunifásítì Laurentian ní Kánádà. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwádìí irú mágnẹ́ẹ̀tì tó ń lọ, tó ń bọ̀ yìí, ó ṣe àkójọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1974, ó sì wá bọ́ sórí ènìyàn: ó dé akoto tí wọ́n so wáyà wíwé mọ́ fún wọn, ó ní ọ̀pọ̀ wọn sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan wà pẹ̀lú àwọn nínú yàrá. Àwọn oníròyìn pè é ní akoto Ọlọ́run. Àwọn díákónì méjì fẹ́ kí ọmọ náà jókòó. Mo ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí ìgbàgbọ́ tí kò lè gbọ́ irú ìbéèrè yẹn kò tíì dàgbà.

Ohun méjì ni mo fi dá a lóhùn. Èkíní: ní 2005, Pehr Granqvist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uppsala, ní Sweden, tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn 89. Ẹni tó dé akoto kò mọ̀ bóyá iná wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń bi í léèrè kò mọ̀. Àwọn kan ṣì sọ pé àwọn rí nǹkan, ì báà jẹ́ pé iná wà, ì báà jẹ́ pé kò sí. Àwọn tí ọkàn wọn tètè ń gba ohun tí a bá fi sí i ni. Mágnẹ́ẹ̀tì náà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Èkejì: ká tilẹ̀ ní akoto náà ṣiṣẹ́. Ẹyẹlé Keeton ṣìnà lábẹ́ ìkùukùu, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Bí a bá lè da ohun tí ẹ̀dá fi ń mọ nǹkan rú, ìyẹn kò sọ pé nǹkan náà kò sí. Ọmọ náà ní òun yóò lọ rò ó. Èmi náà ń rò ó. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹyẹlé àti oyin jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára ju àwa lọ. Oyin kò mọ ohun tí olùwádìí ń retí, kò gbọ́ ìròyìn, kò ní ìjọ tó fẹ́ gbè. Ohun tó bá bá a ló ń fi ara rẹ̀ sọ. Kìkì àwa tí a ń kà á la lè purọ́, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń kà á má mọ̀ bóyá iná wà.

Díákónì kan bi mí tààrà: ṣé nítorí kòkòrò ni a ó ṣe pa iná ilé ìwòsàn? Rárá. Mo fẹ́ràn iná. Ọmọ tí kò pé oṣù tí wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ tó ń mú un móoru ní ilé ìwòsàn ìlú wa, iná ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká mú ọ̀kan ká ju èkejì nù. Mágnẹ́ẹ̀tì wáyà háí tẹ́ńṣọ̀n ń rẹ̀ kíákíá bí a bá ṣe ń jìnnà: bí jíjìnnà náà bá di ìlọ́po méjì, ohun tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí àwọn tó ń fa wáyà bá mú àwọn wáyà náà sún mọ́ra, tí wọ́n sì tò wọ́n dáadáa lórí òpó, agbára ọ̀kan á máa pa ti èkejì. Ní Illinois, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Bernard Greenberg rí i pé oyin tó wà lábẹ́ wáyà 765 kV ń jìyà, pé iná tó ń gbọ̀n wọ́n nínú àpótí ló ń ṣe é, èyí tó yàtọ̀ sí mágnẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀n irin bo àpótí náà tí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀, ara oyin balẹ̀. Ohun tí a lè ṣe pọ̀. Kí a kọ́kọ́ gbà pé ó yẹ kí a béèrè ni iṣẹ́.

Díákónì náà tún rán mi létí pé Jẹ́nẹ́sísì fún ènìyàn ní àṣẹ lórí ẹja, ẹyẹ àti ohun gbogbo tó ń rákò. Mo gbà. Ẹni tó jọba lórí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn ńkọ́? Ṣé kò ní wá ògbufọ̀ ni? Orí kejì ìwé kan náà sọ pé Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà kó máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ta ló lè ṣọ́ ohun tí kò bìkítà láti mọ̀? Bàbá Alhaji náà sọ tirẹ̀ fún mi lórí ìjókòó iwájú ilé rẹ̀. Ó ní Al-Kùránì, nínú Súrátù Al-An'am, ka àwọn ẹranko àti ẹyẹ sí ìjọ bíi tiwa, tí Olúwa wọn yóò kó jọ. Ó ní Súrà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ oyin, pé níbẹ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ́ oyin bí yóò ṣe kọ́lé, tó sì ní kó máa tọ ọ̀nà tí Olúwa rẹ̀ ti là fún un. Ó wo wáyà òkè ilé, ó ní, “Bí Ọlọ́run bá la ọ̀nà fún ẹnìkan, tí o fi òkúta dí i, ṣé o lè ní o kò rí ọ̀nà náà?”

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ Báláámù wà. Wọn kò dá a lẹ́bi nítorí pé ojú rẹ̀ kò rí áńgẹ́lì. Ojú yẹn, Ọlọ́run ló mú un. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bi í bóyá òun ti máa ń ṣe báyìí sí i rí láti ọjọ́ tó ti ń gùn ún, Báláámù sì dáhùn pé rárá. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹranko tó ti sìn ín láìṣe àṣìṣe ṣe ohun tí kò ṣe rí, lẹ́ẹ̀mẹta, lójú rẹ̀, ohun tó sì ní fún un ni ọ̀pá. Àmì wà, kò béèrè. Àìmọ̀ ẹni tí a kò fi nǹkan kan hàn yàtọ̀ sí àìmọ̀ ẹni tí ẹ̀dá mìíràn fi ara rẹ̀ sọ fún. Láti 1971 ni àwọn ẹyẹlé ti ń sọ fún wa. Oyin ti sọ̀rọ̀ ní 2018 àti 2023. A kò lè ní a kò gbọ́ mọ́.

Mo sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pé ìlú wa ní ohun tí Southampton kò ní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná kì í sábà lọ. Níbí, oko kan náà, àpótí oyin kan náà, òdòdó kan náà, ọjọ́ kan náà: iná á wà fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á mú un lọ, wọ́n á tún mú un dé. Bí iná kò bá ṣàn nínú wáyà, mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè jókòó sí ẹnu àpótí oyin lábẹ́ wáyà 33 kV, kó máa ka àwọn tó ń wọlé, láìmọ̀ bóyá iná wà. Ẹlòmíràn lè wà nílùú tó ń kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé ìwé méjèèjì lé ara wọn. Wọ́n lè fi wáyà kọ́pà ṣe ohun tí yóò máa wọ̀n ọ́n: kí wọ́n wé e ní ìgbà 1,000 mọ́ páálí oníhà mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n so ó mọ́ mítà tó lè ka mílífólítì. Fún microtesla kọ̀ọ̀kan tó ń yí ní ìgbà 50, mítà náà yóò ka nǹkan bíi mílífólítì 3. Ọmọ kíláàsì SS2 lè ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní físíìsì àti bàọ́lọ́jì ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n LAUTECH, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí oko kajú kí òdòdó tó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ìlú wa tó ti wà láti 1898, ẹ fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù kún ẹ̀kọ́ yín lórí ìtọ́jú ẹ̀dá. Àgbẹ̀ tó bá ní àpótí oyin lábẹ́ wáyà, kó kó o jìnnà sí i bí agbára rẹ̀ bá ká a, kó sì sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ohun tó rí, ì báà dára, ì báà burú, ì báà jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan.